Fáìlì Tó Ti Sùdáánì Dé Agbowó

Inú máa ń bí mi sí ìwé tó bá sọnù, kì í sì í ṣe inú bíbí kékeré. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kóòtù, bí ẹnìkan bá wá sọ fún mi pé, "Mà, a ò rí fáìlì yẹn o," n ó bọ́ bàtà, n ó tú gèlè so mọ́dìí, n ó sì wọ yàrá tí à ń kó fáìlì sí lọ fúnra mi. N kì í jáde láìmú un bọ̀. Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, mo bá fáìlì ẹjọ́ ilẹ̀ kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Ẹnìkan ti ká a sí mẹ́rin, ó fi tì í. Ìdílé méjì ń jà lórí ilẹ̀, a wá fi ẹjọ́ wọn gbé tábìlì ró. Mo pariwo lọ́jọ́ náà débi pé adájọ́ fúnra rẹ̀ yọjú síta láti wo ẹni tó kú.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀ka ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ ènìyàn lọ́rùn, ó lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn adájọ́ tó wà lókè. Àmọ́ àwọn ará òkè wọ̀nyí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́rìí ń sunkún, wọn ò rí ojú ẹni tó ń purọ́. Ohun tó wà nínú ìwé nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹnìkan ní láti kó gbogbo ìwé ẹjọ́ jọ, kí ó tò ó bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ó fi nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi òwú rán an pọ̀. Èmi ni ẹni náà. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi pé bí ojú ìwé kan bá yọ, ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ gan-an ni ìdáǹdè ẹnìkan wà. Wọ́n á ní, "Yes, Mà," wọ́n á sì máa fojú bára wọn sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì sí Agbowó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Ẹ̀rọ fótókọ́pì méjì, kọ̀ǹpútà kan, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń wúkọ́ kó tó dìde. Ìyá Fáìlì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ àṣekágbá yín wá fún mi láti dì, tí ojú ìwé kejìdínlógójì ò sí níbẹ̀, n ò ní dì í. Ẹ lè bínú lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Púpọ̀ nínú wọn máa ń padà wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, obìnrin kan wọlé tòun ti ìrọ̀rí lápá. Wọ́n tó ẹni àádọ́rin ọdún, híjáàbù wọn funfun, ó gùn dé orúnkún. Mo rò pé wọ́n ṣìnà ni, nítorí ẹni tó ń tún ìrọ̀rí ṣe wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹta sí tèmi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n ní. "Ẹ bá mi ṣe fótókọ́pì."

"Ẹ ṣeun Mà. Ti kí ni, Mà?"

Wọ́n gbé ìrọ̀rí náà lé orí ẹ̀rọ mi. "Inú rẹ̀ ló wà. Ẹ yá mi ní sísọ́ọ̀sì."

Bí wọ́n ṣe tú ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí náà tán, òórùn àlùbọ́sà gbígbẹ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fa òwú jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá fa ìdì ìwé kan jáde tí wọ́n fi ọ̀rá wé lọ́nà mẹ́rin. Èdè Lárúbáwá ló wà lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ aláwọ̀ aró. Mo mọ ìwé kóòtù bí mo bá rí i, ì báà jẹ́ èdè àwọn ẹja ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo pa ẹ̀rọ, mo fa àga fún wọn, mo ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n sọ fún mi.

Ṣakí ni wọ́n bí Àlàájà sí. Bàbá ọkọ wọn ló kọ́kọ́ dúró sí Sùdáánì nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Mẹ́kà, tí owó ọ̀nà tán, ni ìdílé bá di ti ibẹ̀. Àlàájà lo ogójì ọdún níbẹ̀. Wọ́n ń ta ilá gbígbẹ àti àlùbọ́sà, ọkọ wọn ń rán jálàbíà nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n jọ rà nínú ọjà ìlú kan tí kò tóbi. Aládùúgbò wọn kan ló sọ lọ́jọ́ kan pé tòun ni ṣọ́ọ̀bù, pé ayédèrú ni ìwé ìrajà tó wà lọ́wọ́ wọn. Kóòtù àkọ́kọ́ gbà á gbọ́. Wọ́n dá tọkọtaya lẹ́bi pé wọ́n jọ ṣe ayédèrú ìwé, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ bí ọ̀daràn.

"Ọkọ mi dúró gbọ́ ọ," Àlàájà ní. "Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Ọdún ò yí po tí wọ́n fi lọ. Ọkùnrin tí kì í mú bọ́tìnì oníbọ́tìnì."

Lọ́yà wọn ti gbé ẹjọ́ náà lọ sókè kí ọkọ tó kú. Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Sójà ìlú kan náà, bí ọmọ ìyá méjì, ń yìnbọn lu ara wọn nínú ìgboro, kóòtù jóná, gbogbo fáìlì tó wà nínú rẹ̀ di eérú. Àwọn Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó jó kì í bu ẹwà sí ẹnikẹ́ni. Ìwé ìdájọ́ ti jáde kí iná tó dé, ó ti wà níta. Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ló jóná. Ìyẹn ni pé ẹ̀bi ṣì wà láàyè, ẹnu tí wọ́n fẹ́ fi jà ló kú.

Nígbà tí wọ́n ń sá, ọmọbìnrin wọn ní kí wọ́n kó wúrà. Àlàájà kó ìwé. Wọ́n rán gbogbo ohun tí lọ́yà ti fún wọn láti ọdún wọ̀nyí mọ́ inú ìrọ̀rí, wọ́n jókòó lé e nínú ọkọ̀ akẹ́rù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án títí dé bodè. Sójà tó ń yẹ ẹrù wò gbé ìrọ̀rí náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dá a padà kíá. Ìbàdàn ni wọ́n wá já sí, sọ́dọ̀ ọmọ wọn mìíràn tó ti ń gbé ní Bódìjà tẹ́lẹ̀.

Lọ́yà náà ti sá lọ sí ìlú mìíràn ní Sùdáánì, níbi tí ìbọn kò tíì dé. Ó wá rí i pé àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn mẹ́ta tó ní ẹjọ́ náà lọ́wọ́ ti sá wá síbẹ̀, wọ́n sì ti gba kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti máa jókòó. Àwọn adájọ́ yìí sọ pé ẹni tó bá ní ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ́dọ̀ àwọn tẹ́lẹ̀, kí ó kó ohun tó bá ní lọ́wọ́ wá láàárín oṣù méjì, kí àwọn fi tún fáìlì ṣe. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan mú wá, ìdájọ́ àkọ́kọ́ ló dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ nínú oṣù méjì náà kí Àlàájà tó gbé ìrọ̀rí wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Mọ́ṣáláṣí tó wà ládùúgbò wa fẹ́ fi mí jẹ Ìyá Sùnnà," wọ́n ní. "Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. N ò lè jókòó síwájú àwọn obìnrin kí n máa sọ̀rọ̀ òdodo, kí ìwé kan wà níbì kan tó ń pe èmi àti ọkọ mi ní olè."

Mo bi wọ́n bóyá ti ọkọ náà wà nínú ẹjọ́ tó kù. Wọ́n mi orí. Lọ́yà ti sọ fún wọn pé òkú kì í pe ẹjọ́, pé ti ọkọ ti bá ọkọ lọ. Tiwọn nìkan ló kù. Mo rí i lójú wọn pé ìyẹn dùn wọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ sọ òótọ́: inú mi dùn. Ẹ má bínú sí mi. Àánú ṣe mí, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó gbé iṣẹ́ gidi wá bá mi. Òjò ti wọ yàrá fáìlì wa rí ní ìlú kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, a sì tún odindi ẹjọ́ mọ́kànlá tò láti inú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ àwọn lọ́yà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo sọ fún Àlàájà pé kí wọ́n fi ìdì ìwé náà sílẹ̀, kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀. Wọ́n wo ìdì ìwé, wọ́n wò mí, wọ́n ní àwọn ò lọ ibì kankan.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wọ Máíkírà láti Bódìjà, wọ́n á gbé àga wọn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, a ó máa tú ìwé tó ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Mo lọ ra òwú tó yi ní Dùgbẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò. Èmi ọmọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń kọ orin ìyìn bí mo bá ń ṣiṣẹ́, n kì í tiẹ̀ mọ̀ pé mo ń kọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Àlàájà ń bá mi gbe orin náà jẹ́jẹ́. Mo wò wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ máa wò mí. Orin ló dùn."

Ìṣòro kan wà: nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tó lè ka ìwé náà dáadáa. Àlàájà ń sọ Lárúbáwá bí omi, wọ́n sì lè ka Kùránì, ṣùgbọ́n ọwọ́ akọ̀wé kóòtù sú wọn. A ti bá Àáfà kan sọ̀rọ̀, olùkọ́ Lárúbáwá ní Òkè-Àdó, tó tó ọmọ mi àbíkẹ́yìn. Ó ní òun yóò wá ní ọjọ́bọ̀, nígbà tí òun bá ní àyè, láti sọ fún wa ohun tó wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a wà. Ìwé ti gbẹ, a ti tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí déètì tí Àlàájà mọ̀ ọ́n kà. Èmi wá rò ó pé kí ni mo ń dúró dè? Nọ́ńbà kì í ṣe Lárúbáwá. Mo lè ti fi nọ́ńbà sí i kí Àáfà tó dé.

Nígbà tí mo ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tẹ nọ́ńbà, irú èyí tí à ń lò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ oókan, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó di èjì fúnra rẹ̀. Yíǹkì rẹ̀ kì í parẹ́, ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ara ojúlówó ìwé ni à sì máa ń tẹ̀ ẹ́ sí kí a tó ṣe ẹ̀dà, kí gbogbo ẹ̀dà lè bára mu. Mo gbé ìdì ìwé náà síwájú mi bí mo ṣe ń gbé ìwé síwájú mi láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mo ṣí i láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún bí gbogbo ọmọlúàbí ṣe ń ṣí ìwé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀. Kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀. Àlàájà wà níta, wọ́n ń ra ẹ̀pà. Igba ojú ìwé ó lé mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo tẹ èyí tó gbẹ̀yìn tán, mo jókòó, mo mu omi tútù, mo sì yin ara mi.

Àáfà dé ní ọjọ́bọ̀. Mo gbé iṣẹ́ mi síwájú rẹ̀ bí ìyàwó tó gbé oúnjẹ àkọ́sè síwájú ọkọ. Ó dojú rẹ̀ dé. Mo dá a padà. Ó tún dojú rẹ̀ dé, ó ṣí i láti ibi tí mo parí rẹ̀ sí, ó kà á díẹ̀, ó wo nọ́ńbà, ó wò mí.

"Màmá," ó ní, "ibí ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fi igba ó lé mẹ́rìnlá sí i. Ibi tí adájọ́ ti bu ọwọ́ lu ìdájọ́ lẹ fi oókan sí."

"Báwo?"

"Ọwọ́ ọ̀tún la ti ń ṣí i, Màmá."

Ejìká Àlàájà ló kọ́kọ́ ń mì, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi di ẹ̀rọ fótókọ́pì mú. Inú bí mi. Mo ní ta ló ní kí odindi orílẹ̀-èdè máa kọ ìwé láti ẹ̀yìn?

"Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn," Àlàájà ní, wọ́n ń nu ojú. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dá wa lẹ́bi kí wọ́n tó pè wá lẹ́jọ́."

Àáfà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti yọ ìwé kan sọ́tọ̀, ìwé ìrajà ṣọ́ọ̀bù gan-an, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ dá wọn lẹ́bi. Nọ́ńbà mi wà ní iwájú rẹ̀ gàdàgbà. Ó ní, "Màmá, ẹjọ́ ayédèrú ìwé la ń ṣe. Ṣé wọn ò ní sọ pé àwa náà ti fọwọ́ kan ìwé?"

Ẹ̀rín Àlàájà dúró. Mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé bí ẹni pé mo fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀, mo sì sunkún níbẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Obìnrin yìí jókòó lé ìwé yẹn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án, èmi tó ń pe ara mi ní ọ̀gá wá fi ọ̀sán kan ṣoṣo bà á jẹ́. Bí wọ́n bá pàdánù ẹjọ́ náà, tèmi ni. Mo mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo padà wọlé, Àlàájà ti fi ẹ̀pà síwájú mi. "Ẹ jẹun," wọ́n ní. "Níbi iṣẹ́ yín, tí ẹ bá ṣe irú èyí, kí lẹ ń ṣe sí i?"

Ìbéèrè yẹn ló ta mí jí. Níbi iṣẹ́ wa, a kì í pa nǹkan rẹ́. Ẹni tó bá pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé kóòtù, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti di méjì. Ìlà kan ṣoṣo la fi ń fa aṣìṣe, kí ó ṣì ṣeé kà lábẹ́ ìlà náà. A ó kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tó ṣe aṣìṣe á bu ọwọ́ lù ú. Bí ó bá sì jẹ́ aṣìṣe ńlá, ẹni náà á lọ búra nínú ìwé pé òun lòun ṣe é. A máa ń sọ ojú abẹ níkòó. Mo mú gègé pupa, mo fa ìlà lé igba ó lé mẹ́rìnlá, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ nọ́ńbà tó tọ́, mo bu ọwọ́ lu gbogbo rẹ̀. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì, ọwọ́ mi wú.

Èyí tó le jù ni ìwé ìbúra. Ring Road ni mo gbọ́dọ̀ lọ, sí kóòtù tí mo ti fẹ̀yìn tì, níwájú àwọn ọmọ tí mo ti pariwo mọ́. Mo wọ aṣọ tó dára jù lọ kí n má baà dà bí ẹlẹ́bi. Obìnrin tó ń gba ìbúra báyìí ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi rí. Ó gba ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè, kò sì sí ohun tó kàn án láti kà á sókè: "Èmi, obìnrin, Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Nàìjíríà, tó ń gbé ní Agbowó, búra pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ nọ́ńbà sí àwọn ìwé yìí láti ẹ̀yìn wá síwájú, nítorí pé n ò gbọ́ Lárúbáwá, n ò sì bi ẹnikẹ́ni."

Ó wo òkè àjà. "Mà, ẹ rántí pé nítorí nọ́ńbà ojú ìwé kan ṣoṣo, ẹ ò jẹ́ kí n lọ ṣe àìsùn ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo rántí. Tẹ òǹtẹ̀."

"Ọ̀kan ṣoṣo o, Mà."

"Mo ní tẹ òǹtẹ̀!"

Gbogbo ọ́fíìsì ló rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Wọ́n ra mínírà fún mi, wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Àáfà túmọ̀ ìwé ìbúra náà sí Lárúbáwá, a fi í síwájú gbogbo rẹ̀, síwájú ti ọwọ́ ọ̀tún. Mo rán an pọ̀. Lẹ́yìn náà la fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, a sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí lọ́yà lórí Wásáàpù ní mẹ́wàá mẹ́wàá, nítorí ibì kan ṣoṣo ló ti ń rí nẹ́tíwọ̀kì ní ìlú tó sá lọ, fún wákàtí kan lóòjọ́. Bí ó bá gbà á, á fi àmì àtàǹpàkò ránṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ṣe fótókọ́pì ti mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé, "Ìyá Fáìlì, ó ti kù mélòó?" kí wọ́n tó kí mi. Ó ku ọjọ́ méjì kí gbèdéke pé nígbà tí àtàǹpàkò tó gbẹ̀yìn wọlé.

A wá dúró fún oṣù márùn-ún. Àlàájà ò dá wíwá dúró. Wọ́n ní ilé dákẹ́ jù, àmọ́ mo mọ̀ pé nítorí fóònù ni. Ìròyìn ń dé díẹ̀díẹ̀ nínú ohùn tí lọ́yà ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, Àáfà ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Àwọn adájọ́ mẹ́ta náà ń jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wọn ga ju tábìlì lọ. A-b-d Lárúbáwá ṣì wà lára pátákó lẹ́yìn wọn. Bí ìbọn bá ró lọ́nà jíjìn, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa ka iye ìgbà tó ró, wọ́n á sì máa bá ẹjọ́ lọ. Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn, mo dìde dúró nínú ṣọ́ọ̀bù mi, n ò mọ ìgbà tí mo dìde. Adájọ́ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn dìde fún un.

Ohun tí à ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Lọ́yà tó ń ṣojú aládùúgbò náà dìde, ó gbé àwòrán ìwé wa sókè, ó ní kí kóòtù wo nọ́ńbà pupa àti dúdú, pé àwọn tó ṣe ayédèrú lẹ́ẹ̀kan ti tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Adájọ́ tó dàgbà jù béèrè pé ta ló fa ìlà pupa. Lọ́yà wa ka ìwé ìbúra mi. Ó ní nígbà tí òun dé ibi tí mo ti sọ pé n ò bi ẹnikẹ́ni, adájọ́ náà bo ẹnu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rí ìwé tó mọ́ ju èyí lọ tí irọ́ kún inú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa bá ẹjọ́ lọ.

"Ṣé ẹ rí i?" Àlàájà ní. "Wọ́n mọ̀ yín ní Sùdáánì."

Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Àáfà ti rí nọ́ńbà mi.

Ìdájọ́ dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan. Ṣọ́ọ̀bù kún, nítorí ìdánwò ń bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò dé ẹnu ọ̀nà. Àáfà sáré wọlé, kò tiẹ̀ kí wa, ó gbé fóònù sórí tábìlì. Mo pa ẹ̀rọ méjèèjì. Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni: ó kí Àlàájà, ó kí ọmọ wọn, ó kí Àáfà, ó kí mi, ó kí gbogbo ará Ìbàdàn. Mo ní, "Ẹ sọ fún un kó sọ̀rọ̀!" Àáfà gbé ọwọ́ sókè fún mi. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó tún un gbọ́.

"Wọ́n ti fagi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́," ó ní. "Wọ́n ní Àlàájà ò jẹ̀bi ohunkóhun."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hó yèè, àwọn tí kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ náà hó. Mo jó yí ẹ̀rọ fótókọ́pì ká. Mo dì mọ́ Àlàájà, mo sì rí i pé wọn ò mira. Ojú wọn wà lára Àáfà.

"Bàbá àwọn ọmọ mi ńkọ́?" wọ́n bi í. "Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan nípa bàbá wọn?"

Ariwo rọlẹ̀. Lọ́yà ti fi àwòrán ìdájọ́ náà ránṣẹ́ tẹ̀lé ohùn rẹ̀. Àáfà ṣí i, ó fi ìka fẹ̀ ẹ́, ó ń wá a láti ojú ìwé kan dé èkejì. Àlàájà ti di etí tábìlì mú.

"Ó wà níbí," Àáfà ní. "Wọ́n ní lóòótọ́, ẹjọ́ olóògbé ti bá a lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní nítorí pé ìwé ìrajà kan náà ni, ó tọ́ kí àwọn sọ ọ́. Ìwé tí olóògbé náà mú wá síwájú kóòtù, ojúlówó ni. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Àlàájà jókòó. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi sórí itan, omijé ń bọ́ sórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí Àáfà tún un kà.

"Mo ti kà á fún yín, Màmá."

"Èmi lo kà á fún. Kà á fún bàbá wọn."

Àáfà dìde dúró, ó gbé fóònù náà síwájú ojú rẹ̀, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ní Lárúbáwá lọ́tẹ̀ yìí, nítorí èdè yẹn ni ọkọ wọn fi gbọ́ ìdájọ́ àkọ́kọ́.